Ta Ló Ni Ìtàn Inú Géèmù?

Nínú géèmù Overwatch, ọkùnrin ọmọ Nàìjíríà kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Akande Ogundimu. Ọmọbìnrin kan náà wà níbẹ̀, Efi Oladele, ọmọ ọdún mọ́kànlá, tó ṣe ẹ̀rọ alágbára kan láti máa dáàbò bo ìlú Numbani, tó sì sọ ẹ̀rọ náà ní Orisa. Oṣù Kẹta ọdún 2017 ni Orisa wọ inú géèmù náà. Akande, tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ Doomfist, dé ní oṣù Keje ọdún kan náà.

Ẹni tó bá ń ṣe géèmù yìí láti àárọ̀ di alẹ́ kò lè rí ìtàn náà kà tán níbẹ̀. Ìjà ló pọ̀ jù nínú géèmù. Ńṣe ni ìtàn rẹ̀ fọ́n káàkiri: díẹ̀ nínú fíìmù kékeré, díẹ̀ nínú ìwé aláwòrán, díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí àwọn akọni ń bá ara wọn sọ kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ṣa gbogbo rẹ̀ jọ sí ojú kan kì í ṣe òṣìṣẹ́ Blizzard, ilé-iṣẹ́ tó ṣe géèmù náà. Àwọn olólùfẹ́ géèmù ni, nínú wiki tí wọ́n ń kọ láìgba kọ́bọ̀. Iṣẹ́ wọn ti ní ìtàn tirẹ̀ báyìí, ìbéèrè kan sì wà nínú ìtàn náà tó kan àwa tí a ń sọ Yorùbá: ta ló ni ìtàn? Ṣé ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ni, àbí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, àbí ẹni tó ni ilé tí wọ́n kó o sí?

Ward Cunningham, ará Amẹ́ríkà, ló gbé wiki àkọ́kọ́ jáde ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 1995. Inú èdè Hawaii ló ti yá orúkọ náà, níbi tí wiki wiki ti túmọ̀ sí kíákíá. Ohun tuntun tó mú wá ni pé ẹni tó ń ka ojú ewé lè tún un kọ lójú ẹsẹ̀. Wikipedia tẹ̀lé e ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2001. Ṣùgbọ́n Wikipedia kò ní àyè fún ojú ewé lórí idà kọ̀ọ̀kan àti abúlé kọ̀ọ̀kan tó wà nínú géèmù. Àwọn olólùfẹ́ géèmù wá ilé mìíràn. Ní ọdún 2004, Jimmy Wales tó wà lára àwọn tó dá Wikipedia sílẹ̀, pẹ̀lú Angela Beesley, bẹ̀rẹ̀ ilé-iṣẹ́ tó wá di Wikia, tí a mọ̀ sí Fandom lónìí. Ilé-iṣẹ́ náà kò gba owó ilé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni; owó ìpolówó ni ó ń jẹ. Ọdún yẹn náà ni géèmù World of Warcraft jáde, tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ sì dá WoWWiki sílẹ̀. Nígbà tó yá, WoWWiki kó lọ sí ilé Wikia.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ju dída ọ̀rọ̀ kọ lọ. Wọ́n ń jiyàn nípa èwo ni òtítọ́ nígbà tí ìtàn méjì bá forí gbárí. Nínú ìwé kékeré tó bá Warcraft III jáde ní ọdún 2002, wọ́n kọ ọ́ pé àwọn ẹ̀dá tí wọ́n ń pè ní eredar ló ba ìwà alágbára kan, Sargeras, jẹ́. Nígbà tí Blizzard ń múra láti gbé The Burning Crusade jáde, ìtàn náà dorí kodò: Sargeras ló wá di ẹni tó ba ìwà àwọn eredar jẹ́. Àwọn olólùfẹ́ géèmù rí i, wọ́n sì pariwo. Ní ọdún 2006, Chris Metzen, tó jẹ́ aṣáájú àwọn tó ń kọ ìtàn náà, jáde wá, ó gbà pé àṣìṣe òun ni. Ẹni tó dá ìtàn sílẹ̀ ti gbàgbé. Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ló rántí.

Àwọn àgbà ní ẹni tó ni ẹrú ló ni ẹrù. Àwọn olùtọ́jú wiki ti fojú rí ìtumọ̀ òwe yìí. Ní ọdún 2010, Wikia yí bí ojú ewé ṣe rí padà. Àyè ìkọ̀wé há sí i, kò sì bá wọn lára mu. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kọ WoWWiki dìde, wọ́n kó lọ sí ilé tuntun tí wọ́n pè ní Wowpedia. Wọ́n lè kó o lọ nítorí pé ìwé-àṣẹ Creative Commons ni wọ́n fi kọ iṣẹ́ náà. Ìwé-àṣẹ yìí gba ẹnikẹ́ni láyè láti da á kọ, bí ó bá ti dárúkọ àwọn tó kọ ọ́, tí òun náà sì fún ẹlòmíràn ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Àwọn olùtọ́jú wiki RuneScape náà fi Wikia sílẹ̀ ní ọdún 2018. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Fandom ra Gamepedia, ilé tí Wowpedia ń gbé. Àwọn tó sá fún onílé wá bá onílé kan náà ní ibi tí wọ́n sá lọ. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, àwọn olùtọ́jú wiki Minecraft kó jáde. Oṣù tó tẹ̀lé e, àwọn ará Warcraft kó jáde lẹ́ẹ̀kejì.

Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n fi sílẹ̀ kò di ahoro. Ìwé-àṣẹ tó jẹ́ kí wọ́n lè kó iṣẹ́ lọ ló jẹ́ kí onílé lè pa ẹ̀dà tirẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá wá ìtàn géèmù lórí Google lè bọ́ sí ilé àtijọ́, kó máa ka ohun tí àwọn tó mọ̀ ọ́n jù lọ kò tún fọwọ́ kàn mọ́, kó má sì mọ̀ pé wọ́n ti lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní ọdún 1897, ó sì jẹ́wọ́ pé àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ wà lára àwọn tó sọ ọ́ fún òun. Ìwé náà sọnù sọ́wọ́ àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́ ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Johnson kú ní ọdún 1901. Dókítà Obadiah, àbúrò rẹ̀, ló padà sídìí àwọn àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́kù, tó sì tún un kọ. Ọdún 1921 ló tó jáde. Ká ní kò sí àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí, kí ni à bá máa kà lónìí?

Ní Gabon níbí, tí mo ti ń kọ̀wé yìí ní Owendo, ìlú èbúté tó wà ní gúúsù Libreville, àwọn Fang ní mvett, ìtàn ogun láàárín àwọn ará Engong tí kì í kú àti àwọn ará Oku tí ikú ń pa. Ẹni tó ń kọ mvett máa ń dárúkọ àwọn ọ̀gá rẹ̀: lágbájá ló kọ́ mi, tàmẹ̀dù ló kọ́ ọ. Ohun kan náà ni wiki ń ṣe nígbà tó bá kọ orúkọ ẹni tó tún ojú ewé ṣe àti ọjọ́ tó tún un ṣe sílẹ̀. Herbert Pepper gba ohùn Zwè Nguéma sílẹ̀ ní ọdún 1960. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ní ọdún 1972. Tsira Ndong Ndoutoume, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ Fang, kò dúró de àlejò. Ó tẹ Le Mvett tirẹ̀ jáde ní ọdún 1970.

Èyí ló mú mi padà sọ́dọ̀ Akande. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, Blizzard pa Overwatch àkọ́kọ́, wọ́n fi Overwatch 2 rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó sanwó ra ti àkọ́kọ́ kò lè ṣe é mọ́. Bí a bá fẹ́ mọ bí Numbani ti ọdún 2017 ṣe rí, ọwọ́ àwọn olùtọ́jú la ti máa gbọ́ ọ. Ọkùnrin tó ń fi ẹ̀ṣẹ́ irin jà ni Akande, Ògún sì wà nínú orúkọ bàbá rẹ̀. Ta ló yẹ kó ṣàlàyé èyí nínú wiki, bí kì í bá ṣe ẹni tó mọ Ògún? Ta ló yẹ kó fi àmì ohùn sórí Ọládélé? Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, ẹnikẹ́ni lè wọlé kọ ọ́.

Àwọn ọmọ Áfíríkà náà ti ń dá ayé tiwọn sílẹ̀ nínú géèmù. Ilé-iṣẹ́ Kiro'o Games ní Yaoundé, ìlú Cameroon tó bá wa pààlà, gbé Aurion jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 2016, pẹ̀lú ọba ọ̀dọ́ kan, Enzo Kori-Odan, tí wọ́n gbàjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ nílò arọ́kin tirẹ̀ kí ó tó pẹ́ jù.

Ní tèmi, àwọn tó ń tọ́jú ìtàn ló ni ín, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá lè gbé e dìde kí wọ́n sì máa lọ. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn géèmù, ẹ wọlé kẹ́ ẹ kọ. Ẹ sọ ibi tí ẹ ti rí ohun tí ẹ kọ. Kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan pamọ́ sílé, nítorí onílé lè ta ilé rẹ̀ lọ́jọ́kọ́jọ́.