Gbígbé Ìbọn Ìléwọ́ ní Gbangba àti Àyẹ̀wò Ìdánimọ̀ Ọlọ́pàá ní Amẹ́ríkà

Gbígbé ìbọn ìléwọ́ ní gbangba ni kí ènìyàn so ìbọn kékeré mọ́ ìbàdí nínú àpò rẹ̀, lórí aṣọ, níbi tí gbogbo ẹni tó ń kọjá ti lè rí i. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, òfin kò ka èyí sí ẹ̀ṣẹ̀. Síbẹ̀, bí ará àdúgbò bá rí ìbọn, ó lè pe 911, kí ọlọ́pàá sì dé. Ṣé ọlọ́pàá lè wá dá ẹni náà dúró, kí ó ní kó mú káàdì ìdánimọ̀ jáde, nígbà tí kò ṣe ju pé ó gbé ohun tí òfin fún un láyè láti gbé? Ìdáhùn ọ̀pọ̀ ilé ẹjọ́ ni pé rárá, àfi bí ìfura tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ bá wà. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ìwé ìdájọ́ àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú títì kì í fi gbogbo ìgbà bára mu, pàápàá fún aláwọ̀ dúdú.

Ìpilẹ̀ òfin

Àtúnṣe Kejì sí ìwé òfin Amẹ́ríkà, tó fìdí múlẹ̀ lọ́dún 1791, ló dáàbò bo ẹ̀tọ́ ará ìlú láti ní ohun ìjà, kó sì gbé e. Ọdún yẹn kan náà ni Àtúnṣe Kẹrin wọlé, èyí tó kọ̀ fún ìjọba láti mú ènìyàn tàbí láti yẹ ara àti ẹrù rẹ̀ wò láìnídìí. Òfin méjèèjì yìí ló ń pàdé nígbàkígbà tí ọlọ́pàá bá dúró níwájú ẹni tó so ìbọn mọ́dìí.

Láyé ìgbà kan, ìbọn tó wà lábẹ́ aṣọ ni àwọn aṣòfin ń bẹ̀rù. Kentucky àti Louisiana fòfin dè é lọ́dún 1813. Nínú ẹjọ́ Nunn lọ́dún 1846, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Georgia fara mọ́ kí ìjọba dí ẹni tó ń fi ìbọn pamọ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ní kò gbọdọ̀ dí ẹni tó gbé tirẹ̀ ní gbangba lọ́wọ́.

Ní California, ọ̀rọ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Lẹ́yìn ọdún 1966, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú tó ń jẹ́ Black Panther ní ìlú Oakland máa ń gbé ìbọn ní gbangba tẹ̀lé ọkọ̀ ọlọ́pàá, wọ́n á dúró lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n á sì máa wo bí ọlọ́pàá ṣe ń ṣe sí àwọn aláwọ̀ dúdú tó dá dúró. Òfin ìpínlẹ̀ náà kò dí wọn lọ́wọ́ nígbà náà. Nígbà tí àbá òfin kan jáde láti fi òpin sí i, wọ́n gbé ìbọn wọn lọ sí ilé aṣòfin ní Sacramento ní ọjọ́ kejì oṣù Karùn-ún ọdún 1967. Gómìnà Ronald Reagan fọwọ́ sí òfin náà lọ́dún yẹn kan náà. Ìtàn yìí fi hàn pé láti ọjọ́ pípẹ́ ni àwọ̀ ẹni tó gbé ìbọn ti ń kó ipa nínú bí wọ́n ṣe ń gba ọ̀rọ̀ náà.

Lọ́dún 2008, nínú ẹjọ́ Heller, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé ẹ̀tọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ni níní ìbọn nínú ilé láti fi dáàbò bo ara rẹ̀. Nínú ẹjọ́ Bruen lọ́dún 2022, ó ní ẹ̀tọ́ náà kò parí sí ẹnu ọ̀nà ilé, ó dé ìta pẹ̀lú.

Bí ìpínlẹ̀ ṣe yàtọ̀ síra

Kò sí òfin kan ṣoṣo tó de gbogbo Amẹ́ríkà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ohio kì í béèrè láísẹ́ńsì lọ́wọ́ ẹni tó bá gbé ìbọn ní gbangba. Illinois kò gbà á rárá. Abẹ́ aṣọ ni ẹni tó ní láísẹ́ńsì gbọ́dọ̀ fi tirẹ̀ sí. Texas, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kò fìgbà kankan dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, kò gba ìbọn ìléwọ́ láyè ní gbangba títí di ọjọ́ kìíní ọdún 2016, tó yọ̀ǹda rẹ̀ fún àwọn tó ní láísẹ́ńsì. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, ẹni tó ti pé ọdún 21 tí òfin kò sì kà léèwọ̀ kò nílò láísẹ́ńsì mọ́ níbẹ̀. Nígbà tó fi di ọdún 2024, ìpínlẹ̀ 29 ló ti gbà kí ènìyàn gbé ìbọn láìgba láísẹ́ńsì.

Òfin àpapọ̀ sì wà lórí ti ìpínlẹ̀. Ẹni tí kò ní láísẹ́ńsì ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé ìbọn sún mọ́ ilé ìwé tó ẹsẹ̀ bàtà 1,000. Onílé ìtajà náà lè sọ pé òun kò fẹ́ ìbọn nínú ṣọ́ọ̀bù òun. Starbucks bẹ àwọn oníbàárà rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2013, Walmart náà sì ṣe é lọ́dún 2019.

Ìgbà tí ọlọ́pàá lè dáni dúró

Ọlọ́pàá lè bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lójú títì, onítọ̀hún sì lè kọ̀ láti dáhùn, kó máa bá tirẹ̀ lọ. Bí ọlọ́pàá bá fẹ́ dá a dúró, ẹjọ́ Terry ti ọdún 1968 ni ìlànà. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan ní Cleveland rí àwọn ọkùnrin tó ń lọ tó ń bọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù kan, tí wọ́n ń yọjú wo inú rẹ̀ léraléra, ó sì fura pé wọ́n fẹ́ jalè. Ilé ẹjọ́ gbà pé ó lè dá wọn dúró, kó sì fọwọ́ tẹ ara wọn wò bóyá ìbọn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ lè sọ ohun tó fojú rí tó mú un fura. Kí ara kàn fu ú kò tó.

Lọ́dún 2000, nínú ẹjọ́ kan tó ti Florida wá, ẹnì kan tí kò dárúkọ tẹ ọlọ́pàá láago pé ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan ní ibùdókọ̀ ní ìbọn lára. Gbogbo àwọn adájọ́ ló fẹnu kò pé ìpè bẹ́ẹ̀ nìkan kò tó láti yẹ ara ọmọ náà wò, wọn kò sì gbà pé kí ọ̀rọ̀ ìbọn ní òfin tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ní ọdún 2013, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn kan gbọ́ ẹjọ́ tó ti Charlotte, ní North Carolina wá, ẹjọ́ Black. Ó ní níbi tí òfin bá ti gba ìbọn láyè ní gbangba, rírí ìbọn nìkan kò lè jẹ́ ìdí láti dáni dúró, bẹ́ẹ̀ ni ọlọ́pàá kò lè máa ka ẹni tó bá gbé e sí ọ̀daràn títí yóò fi fi hàn pé òun kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ bí ẹni náà bá fa ìbọn yọ, bó bá ń fi halẹ̀ mọ́ ènìyàn, tàbí bí ìrísí rẹ̀ bá bá ti adigunjalè tí wọ́n ń wá mu.

Orúkọ tàbí káàdì?

Òfin àpapọ̀ kò pọn dandan fún ọmọ Amẹ́ríkà tó ń fẹsẹ̀ rìn pé kó mú káàdì ìdánimọ̀ dání. Nínú ẹjọ́ Brown lọ́dún 1979, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá ọkùnrin kan láre tí wọ́n mú ní El Paso torí pé ó kọ̀ láti sọ ẹni tó jẹ́, nígbà tí ọlọ́pàá kò ní ìfura kankan tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ sí i. Lọ́dún 1983, ó wọ́gi lé òfin California kan tó ní kí ènìyàn fi ìdánimọ̀ tó ṣeé gbà gbọ́ hàn, torí òfin náà kò sọ ohun tó tó láti tẹ́ ọlọ́pàá lọ́rùn.

Ẹjọ́ Hiibel ti ọdún 2004, láti Nevada, ló ṣe ààlà. Adájọ́ 5 sí 4 ló dá a: bí ìfura tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ bá wà, ìpínlẹ̀ lè fi òfin mú ènìyàn sọ orúkọ rẹ̀. Orúkọ nìkan ni òfin Nevada béèrè, kì í ṣe káàdì. Nǹkan bí ìdajì àwọn ìpínlẹ̀ ló ní irú òfin yìí. Ohio fi àdírẹ́sì àti ọjọ́ ìbí kún un. Awakọ̀ ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ fi láísẹ́ńsì ìwakọ̀ hàn bí wọ́n bá dá a dúró lọ́nà òfin.

Ẹjọ́ Toledo

Ẹjọ́ Northrup ló fi gbogbo rẹ̀ hàn kedere. Ní ọdún 2010, ọkùnrin kan ń rìn káàkiri àdúgbò rẹ̀ ní Toledo, ní Ohio, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ-ọmọ rẹ̀ àti ajá. Ìbọn wà nínú àpò ní ìbàdí rẹ̀. Ọlọ́kadà kan tó ń kọjá pariwo pé kò lè gbé ìbọn kiri bẹ́ẹ̀, ó sì pe ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá dé, ó gba ìbọn náà, ó fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é, ó sì tì í mọ́ ọkọ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, wọ́n sì fà á sẹ́yìn. Ó pe ọlọ́pàá náà lẹ́jọ́. Ní ọdún 2015, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ní kí ẹjọ́ rẹ̀ máa tẹ̀síwájú, torí pé àwọn aṣòfin Ohio ló pinnu pé kí ará ìlú lè gbé ìbọn ní gbangba, ọlọ́pàá kan kò sì lè fi ìbẹ̀rù ẹni tó pè é yí ìpinnu náà padà.

Àwọ̀ ara àti ewu

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014, ní Ohio kan náà, ọlọ́pàá yìnbọn pa John Crawford, ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú, nínú ilé ìtajà Walmart kan ní Beavercreek. Ìbọn afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ló mú dání. Ní oṣù Keje ọdún 2016, ọlọ́pàá dá ọkọ̀ Philando Castile dúró ní Falcon Heights, ní Minnesota. Castile ní láísẹ́ńsì, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún ọlọ́pàá pé òun ní ìbọn lára. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, wọ́n ti yìnbọn fún un. Ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ fi fídíò ohun tó tẹ̀ lé e hàn lórí Facebook. Ilé ẹjọ́ dá ọlọ́pàá náà sílẹ̀ lọ́dún 2017.

Ẹ̀tọ́ tí ẹnì kan lè lò níwájú ìyàwó àti ọmọ-ọmọ rẹ̀, tó sì ń gba ẹ̀mí ẹlòmíràn, kò tíì di ẹ̀tọ́ gbogbo ará ìlú.

Ohun tó kan ọmọ Yorùbá ní Amẹ́ríkà

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ń gbé ní Houston àti Dallas, níbi tí wọ́n ti ń rí ìbọn ní gbangba. Nàìjíríà tí wọ́n ti wá yàtọ̀: òfin ìbọn ti ọdún 1959 kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní ìbọn ìléwọ́ láìgba àṣẹ Ààrẹ. Ẹni tó bá wọ Amẹ́ríkà pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti àbẹ̀wò kò gbọdọ̀ ní ìbọn lọ́wọ́, àfi lábẹ́ àwọn ìyọ̀ǹda díẹ̀, irú bíi láísẹ́ńsì ọdẹ. Ẹni tó ní gírínkáàdì lè ní in, ṣùgbọ́n òfin àpapọ̀ ní kó máa mú káàdì náà dání níbi gbogbo. Ọ̀rọ̀ pé ará ìlú kò nílò káàdì kò kan irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ìmọ̀ràn àwọn agbẹjọ́rò

Ohun tí àwọn agbẹjọ́rò sábà máa ń sọ ni pé kí ẹni tí ọlọ́pàá bá dá dúró jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ jìnnà sí ìbọn, kó sì wà níbi tí ọlọ́pàá ti lè rí i. Kó fi sùúrù béèrè bóyá òun lè máa lọ. Bí wọ́n bá ní rárá, kó mọ ohun tí ìpínlẹ̀ rẹ̀ béèrè nípa orúkọ. Bí kò bá fẹ́ kí wọ́n yẹ ara rẹ̀ wò, kó fi ẹnu sọ ọ́, kó má fi ọwọ́ dènà. Bí ọlọ́pàá bá tẹ òfin lójú, iwájú adájọ́ ni ibi tí wọ́n ti ń jà á, bí wọ́n ṣe jà á nínú ẹjọ́ Toledo. Ìmọ̀ràn yìí dára, ṣùgbọ́n Castile náà fi sùúrù sọ̀rọ̀. Nítorí náà, kò tọ́ kí gbogbo ẹrù ìṣọ́ra wà lọ́rùn ẹni tí wọ́n dá dúró. Ìjọba tó gba ìbọn láyè ní gbangba ló ni ojúṣe láti kọ́ àwọn ọlọ́pàá rẹ̀ pé ìbọn tó wà nínú àpò ní ìbàdí aláwọ̀ dúdú kò ju èyí tó wà ní ìbàdí aláwọ̀ funfun lọ níwájú òfin.