Ìtàn Bíà Portland àti Ọdún Ọtí Etí Odò Willamette

Portland ni ìlú tó tóbi jù ní ìpínlẹ̀ Oregon, ní ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, nítòsí ibi tí odò Willamette ti já sínú odò Columbia. Bí wọ́n bá ń ka àwọn ìlú tí bíà àwọn ilé ìpọntí kéékèèké ti gbilẹ̀ lórílẹ̀-èdè náà, orúkọ rẹ̀ kì í gbẹ́yìn. Àwọn kan á ní omi ibẹ̀ ló dára, àwọn mìíràn á ní ilẹ̀ ibẹ̀ ló gba họ́ọ̀pù. Òótọ́ ni méjèèjì, ṣùgbọ́n omi àti họ́ọ̀pù ti wà níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí bíà àdúgbò tó gbérí. Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà ni òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1985, tó gba ẹni tó pọn ọtí láàyè láti bu ún fún ẹni tó fẹ́ mu ún lábẹ́ òrùlé kan náà.

Ẹni tó bá ti rí bí àwọn ìyá wa ṣe ń pọn ọtí ọkà ti mọ ìdajì ọ̀nà tí bíà ń gbà. Wọ́n á rẹ ọkà bàbà sómi, wọ́n á jẹ́ kó hù, wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sè é, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ kó hó. Ọkà báálì ni àwọn ará Yúróòpù ń lò dípò bàbà, wọ́n sì ń fi òdòdó họ́ọ̀pù sí i kó lè korò díẹ̀, kó ta sánsán, kó má sì tètè bàjẹ́. Igbó Bull Run, ní ẹ̀gbẹ́ Òkè Hood, ni omi Portland ti ń wá láti 1895. Omi náà kò ní èròjà òkúta púpọ̀ nínú, nítorí náà apọntí lè ṣe é bó ṣe fẹ́. Ní ti họ́ọ̀pù, ó máa ń ṣe dáadáa ní àfonífojì Willamette, ní gúúsù ìlú náà, débi pé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, Oregon wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó ń gbin họ́ọ̀pù jù ní Amẹ́ríkà. Ìlú Corvallis, níbi tí yunifásítì ìpínlẹ̀ náà wà, ni àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn ti da irúgbìn pọ̀ ní 1956, tí wọ́n sì mú irú họ́ọ̀pù tó ń jẹ́ Cascade jáde ní 1972. Òórùn èèpo ọsàn ló ní. Òórùn yìí ló sọ bíà Amẹ́ríkà tuntun di ohun tó yàtọ̀ sí ti àwọn ará Jámánì àti ti Gẹ̀ẹ́sì.

Ọmọ Jámánì kan, Henry Weinhard, ló kọ́kọ́ fi bíà lówó ní Portland. Ó ra ilé ìpọntí Liberty ní 1862, ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì di ọ̀kan nínú àwọn tó tóbi jù ní agbègbè náà kó tó kú ní 1904. Oregon ka ọtí léèwọ̀ láti oṣù Kìíní ọdún 1916, ọdún mẹ́rin ṣáájú kí gbogbo Amẹ́ríkà tó ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí èèwọ̀ náà kúrò ní 1933, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn kéékèèké mì. Nígbà tí ọdún 1979 fi máa parí, ilé iṣẹ́ tó ń pọn bíà ní gbogbo Amẹ́ríkà kò tó 100 mọ́, bíà wọn sì jọra wọn gan-an. Ọdún 1979 yìí náà ni ilé iṣẹ́ bíà Pabst ra ilé iṣẹ́ Weinhard.

Kí ìlú tó lè ní bíà tó dára, ó gbọ́dọ̀ ní àwọn èèyàn tó mọ bíà tó dára. Níbi èyí, Fred Eckhardt ni mo fi ṣe baba wọn. Wọ́n bí i ní 1926, ó sì ti ṣe ọmọ ogun Marine rí. Ní 1970 ó tẹ ìwé kékeré kan jáde, A Treatise on Lager Beers, tó fi kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe lè pọn bíà láàger nílé wọn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òfin ìjọba àpapọ̀ kò tíì fàyè gba pípọn bíà nínú ilé. Oṣù Kẹwàá ọdún 1978 ni Ààrẹ Jimmy Carter tó fọwọ́ sí òfin tó yọ̀ǹda rẹ̀. Eckhardt tún ń kọ nípa bíà nínú ìwé ìròyìn The Oregonian, ó sì tẹ ìwé mìíràn jáde ní 1989, The Essentials of Beer Style, tó to oríṣiríṣi bíà lẹ́sẹẹsẹ: bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe yẹ kó rí, bó ṣe yẹ kó korò tó, bó ṣe yẹ kó lágbára tó. Ó máa ń pe àwọn èèyàn jọ láti tọ́ bíà wò pẹ̀lú ṣokoléètì. Ohun tó ń kọ́ wọn kò ju pé kí wọ́n fara balẹ̀, kí wọ́n gbóòórùn rẹ̀, kí wọ́n sì sọ ohun tí ahọ́n wọn bá níbẹ̀. Ìran àwọn apọntí tó tẹ̀ lé e ló jẹ ẹ́ ní gbèsè ẹ̀kọ́.

Ẹni tó kọ́kọ́ dán pípọn irú bíà bẹ́ẹ̀ wò fún títà ni Charles Coury, tó ti ń ṣe wáìnì tẹ́lẹ̀. Ó dá Cartwright Brewing sílẹ̀ ní 1980. Ìgò kan á dára, èkejì á ti kan, ilé iṣẹ́ náà sì kógbá sílé láìpẹ́ sígbà náà. Síbẹ̀ àwọn èèyàn ra ọtí rẹ̀, àwọn tó sì ń wò ó rí i pé ọjà wà.

Ní 1984, ilé iṣẹ́ méjì bẹ̀rẹ̀. Tọkọtaya Richard àti Nancy Ponzi, táwọn náà ń ṣe wáìnì, dá èyí tó wá di BridgePort sílẹ̀ nínú ilé biriki kan tí wọ́n ti ń lọ́ okùn láyé àtijọ́, pẹ̀lú Karl Ockert gẹ́gẹ́ bí apọntí wọn. Kurt àti Rob Widmer, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, dá tiwọn sílẹ̀. Inú ìṣòro kan náà ni gbogbo wọn bọ́ sí. Láti 1933, ìlànà tó wà nílẹ̀ ni pé ẹni tó ń pọntí kò gbọdọ̀ tún máa tà á ní ife-ife fún àwọn aráàlú. Ìdí wà fún un. Kí èèwọ̀ ọtí tó dé, àwọn ilé ìpọntí ńlá ló ni ọ̀pọ̀ ilé ọtí, wọ́n sì ń fipá mú wọn láti ta ọtí tiwọn nìkan, kí wọ́n sì tà á ní àtàjù. Òfin wá ya apọntí, alágbàtà àti ilé ọtí sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Fún ilé iṣẹ́ ńlá, èyí kò ni wọ́n lára. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń pọn àgbá díẹ̀ lọ́sẹ̀ kò ní ẹ̀rọ tó ń rọ ọtí sínú ìgò, kò ní owó ìpolówó, alágbàtà kò sì ráyè tirẹ̀. Owó tó yẹ kó fi san gbèsè ẹ̀rọ rẹ̀ ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó wà láàárín òun àti ẹni tó ń mu ọtí.

Àwọn Ponzi mọ̀ pé òfin Oregon gba ẹni tó ń ṣe wáìnì láàyè láti pe àlejò wá tọ́ ọ wò lóko rẹ̀, kó sì tà á fún wọn níbẹ̀. Ìbéèrè wọn kò ju ẹyọ kan lọ: kí ló dé tí ti bíà kò fi rí bẹ́ẹ̀? Àwọn Widmer dara pọ̀ mọ́ wọn, àti Mike àti Brian McMenamin, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó ní àwọn ilé ọtí, àti Art Larrance, tó ń palẹ̀ mọ́ láti dá Portland Brewing sílẹ̀ pẹ̀lú Fred Bowman ní 1986. Wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀ ní Salem, olú ìlú ìpínlẹ̀ náà. Àbá wọn kọ́kọ́ kùnà nílé aṣòfin, wọ́n sì ní láti so ó mọ́ àbá mìíràn kó tó kọjá. Gómìnà Vic Atiyeh fọwọ́ sí i ní 1985.

Mo gbà pé òfin yìí ṣe ju ohun tí apọntí kankan ṣe lọ. Ẹni tó bá bu ọtí rẹ̀ fún oníbàárà fúnra rẹ̀ ni gbogbo èrè ife náà ń wọlé fún. Ọtí náà kò rìn jìnnà, kò sì pẹ́ nílẹ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé apọntí ń gbọ́ ẹ̀sùn lójú ẹsẹ̀: bí ọtí bá ti korò jù, oníbàárà á sọ ọ́ kó tó dìde lórí àga, ọtí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ á sì yàtọ̀.

Kò pẹ́ tí èso rẹ̀ fi hàn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1985, àwọn McMenamin ṣí ilé ọtí tó ń pọn bíà tirẹ̀ ní àdúgbò Hillsdale, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Oregon láti ìgbà tí èèwọ̀ ọtí ti kúrò. Wọ́n fi èso ráásíbẹ́rì pọn bíà, wọ́n tilẹ̀ dán ṣokoléètì aládùn inú bébà wò nínú ìkòkò. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ra àwọn ilé tí ìlú ti pa tì. Ní 1990 wọ́n gba Edgefield ní Troutdale, ilé tí ìjọba ìbílẹ̀ kọ́ ní 1911 fún àwọn aláìní. Ní 1997 wọ́n sọ Kennedy School, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ṣí ní 1915, di ilé ìtura tó ní ilé ọtí nínú. Àwọn kíláàsì ni yàrá àlejò, pátákó ìkọ̀wé ṣì wà lára ògiri wọn. Tìyá-tọmọ ló ń jẹun níbẹ̀, èyí sì wà lára ohun tó mú kí bíà kúrò ní ọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀ ní ìlú náà.

Àṣeyọrí àwọn Widmer ní tiwọn wá láti inú àìtó ohun èlò. Ní 1986 wọn kò ní ju táńkì méjì lọ tí ọtí lè hó nínú rẹ̀, bíà méjì ni wọ́n sì ń tà. Ẹni tó ni ilé ọtí Dublin Pub ní òun fẹ́ ẹ̀kẹta. Wọ́n mú bíà tí wọ́n fi àlìkámà pọn, wọn kò sẹ́ ẹ, wọ́n gbé e fún un bẹ́ẹ̀. Ó rú, ó pọ́n bí omi ọsàn, ìhó rẹ̀ funfun báláú. Ẹni tó bá rí i lórí tábìlì ẹlòmíràn á béèrè pé kí ni èyí. Bíà yìí, tí wọ́n ń pè ní Hefeweizen, ló sọ wọ́n di ilé iṣẹ́ ńlá.

Ọdún bíà náà dé ní 1988. Ní ọdún tó ṣáájú, Art Larrance ti ta bíà níbi ọdún orin blues ní Waterfront Park, ọgbà gbọọrọ tó wà létí odò Willamette láàárín ìlú, ó sì rí bí èrò ṣe ń rọ́ wá. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá pe àwọn ilé ìpọntí kéékèèké jọ fún ọdún tiwọn, wọ́n pè é ní Oregon Brewers Festival. Ìparí oṣù Keje ni wọ́n fi í sí, nítorí pé òjò tó máa ń rọ̀ ṣáá ní Portland kì í sábà rọ̀ lásìkò yẹn. Nígbà náà, wíwọlé kò gba owó. Ẹni tó bá fẹ́ mu ni yóò ra ife, yóò sì ra àwọn ẹyọ igi pẹlẹbẹ tí wọ́n ń lò bí owó: ẹyọ kan fún ìtọ́wò, mẹ́rin fún ife kíkún. Àwọn ọmọdé àti ẹni tó máa wa ọkọ̀ délé ń gba ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ́fẹ̀ẹ́, àyè sì wà láti so kẹ̀kẹ́ mọ́lẹ̀.

Inú ìtọ́wò yẹn ni ọkàn ọdún náà wà. Ilé ìpọntí kọ̀ọ̀kan sábà máa ń gbé bíà kan ṣoṣo wá, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń fi owó kékeré tọ́ ohun tí wọn ò ní ra ìgò rẹ̀ láéláé. Àwọn tó mọ̀ ọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó fúyẹ́, wọ́n á fi èyí tó korò gan-an àti èyí tó dúdú tó sì lágbára sí ìparí, torí ahọ́n tó bá ti kọ́kọ́ mu èyí tó korò kò ní mọ adùn èyí tó rọ̀ mọ́. Ọdún náà dàgbà dé nǹkan bí 80,000 èèyàn, láàárín ọjọ́ márùn-ún, ní àwọn ọdún 2010. Nígbà náà, olórí ìlú ló máa ń ṣí àgbá àkọ́kọ́, lẹ́yìn tí àwọn apọntí bá ti tò wọ́ọ́rọ́wọ́ gba ojú pópó kọjá.

Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Ní 1996 ni Holiday Ale Festival bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì fi wáyé lábẹ́ ìbòrí ní Pioneer Courthouse Square, nínú òtútù oṣù Kejìlá, fún àwọn bíà tó lágbára. Ní 2006, nígbà tí Eckhardt pé 80 ọdún, wọ́n dá FredFest sílẹ̀ fún un ní Hair of the Dog, ilé ìpọntí Alan Sprints, tó ti fi orúkọ rẹ̀ sọ bíà kan ní Fred. Eckhardt kú ní 2015. Ní 2010, Larrance ṣí ilé ìtọ́wò Cascade fún bíà kíkan tó pẹ́ nínú àgbá onígi, nítorí pé àwọn ẹlòmíràn ń dije lórí ẹni tí họ́ọ̀pù rẹ̀ korò jù.

Ìgbà ti yí padà. Ilé ìpọntí Weinhard ti tì ní 1999, BridgePort ní 2019, Hair of the Dog ní 2022. Ilé iṣẹ́ bíà Anheuser-Busch gba Widmer pátápátá ní 2020, ó sì tà á fún ilé iṣẹ́ Tilray ní 2023. Àrùn kòrónà kò jẹ́ kí ọdún etí odò wáyé ní 2020 àti 2021. Ó padà ní 2022, ó sì tún dáwọ́ dúró ní 2023. Ó dùn mí bó ṣe rí, ṣùgbọ́n n kò gbà pé bíà ìlú náà ló ń kú. Ní 1988, ẹni tó fẹ́ tọ́ bíà ogún wò gbọ́dọ̀ lọ sí etí odò. Lónìí, òfin 1985 ti jẹ́ kí ilé ìpọntí wà ní àdúgbò lórí àdúgbò, kálukú ń to ife kéékèèké sórí pátákó fún àlejò rẹ̀ ní gbogbo ọdún.

Ohun tó ṣì ń pe gbogbo wọn jọ ni ìkórè họ́ọ̀pù, láti ìparí oṣù Kẹjọ sí oṣù Kẹsàn-án. Họ́ọ̀pù tútù kì í pẹ́ bàjẹ́, nítorí náà bí wọ́n bá ti já a ní àfonífojì Willamette, ọkọ̀ á gbé e lọ sí Portland ní nǹkan bíi wákàtí kan, ó sì gbọ́dọ̀ wọ inú ìkòkò lọ́jọ́ náà. Bíà tí wọ́n bá fi ṣe é ní òórùn koríko tútù, kì í sì dùn mọ́ bó bá ti pẹ́ nílẹ̀. Hood River, tó wà lápá ìlà oòrùn, ń ṣe ọdún tirẹ̀ fún un, àwọn ilé ìpọntí Portland sì máa ń kó tiwọn lọ síbẹ̀.