Bí ọjà chip bá dẹnukọlẹ̀, ṣé ká ra ìpín àwọn tó ń ta ẹ̀rọ rẹ̀?

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń fi fóònù ra ìpín ilé-iṣẹ́ òkè òkun ló mọ Nvidia. Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ fún àwọn tó ń ṣe chip lẹ ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀: Applied Materials, Lam Research àti KLA ní Amẹ́ríkà, Tokyo Electron ní Japan, àti ASML ní Netherlands, tó jẹ́ pé òun nìkan ló ń ṣe ẹ̀rọ EUV ní gbogbo àgbáyé.

Níbí ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun tí mo ti ń kọ èyí, ẹni tó bá ń lọ ẹ̀gẹ́ á tètè lóye rẹ̀. Tí owó gàrí bá já wálẹ̀, ta ló fẹ́ ra ẹ̀rọ tuntun? Ẹni tó ń ta ẹ̀rọ ló máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Àmọ́ bẹ́líìtì á ṣì máa já, wọ́n á ṣì máa pe ẹni tó ń tún un ṣe. Owó àtúnṣe àti páàtì yẹn ni mo kọ́kọ́ máa ń wò nínú ìwé ìṣirò ilé-iṣẹ́ báyìí.

Ẹ wo Lam. Lẹ́yìn Kòrónà, àwọn èèyàn dín fóònù àti kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń rà kù. Owó tí wọ́n fi ra chip lágbàáyé já láti nǹkan bí $574 bílíọ̀nù ní 2022 sí $527 bílíọ̀nù ní 2023. Micron àti àwọn míì sún ẹ̀rọ rírà síwájú. Owó tó wọlé fún Lam lọ sílẹ̀ láti $17.4 bílíọ̀nù, lọ́dún tó parí ní oṣù kẹfà 2023, sí $14.9 bílíọ̀nù lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ìpín rẹ̀ ńkọ́? Ó ti já ju ìdámẹ́ta lọ látọdún 2022, kí owó tó dínkù rárá. Lọ́dún tí owó wá dínkù yẹn gan-an, ìpín náà fi ju ìdajì lọ gòkè! Àwọn olówó ti ń wo ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ń dúró kí ìròyìn dáa, owó gọbọi ló máa fi rà á.

Ṣùgbọ́n pé nǹkan já wálẹ̀ kò ní kó má tún já sí i. Ní October 15, 2024, èsì ASML jáde ṣáájú ọjọ́ rẹ̀, ẹ̀rọ táwọn oníbàárà bèèrè fún kéré sí ohun tí wọ́n retí, ìpín náà sì já ní nǹkan bí ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ti Nàìjíríà tún wà ńlẹ̀ o. Ní August 2021, CBN gba àṣẹ ilé ẹjọ́, wọ́n ti àkáǹtì Risevest, Bamboo, Trove àti Chaka pa fún 180 ọjọ́. Torí náà, ẹ wo ìwé àṣẹ SEC kẹ́ ẹ tó sanwó. Dọ́là sì ni kẹ́ ẹ fi ṣírò èrè: $100 tó jẹ́ bíi ₦46,000 ní báńkì ní May 2023 ti ju ₦140,000 lọ ní February 2024, láìjẹ́ pé olówó rẹ̀ ra ìpín kankan.