Orín, Sáárì àti Bísímílà: Bí Sunna Kéékèèké Ṣe Wọ Ilé Yorùbá

Bí ẹ bá ti gbé ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lásìkò ààwẹ̀ rí, ọ̀rọ̀ yìí á ti ṣojú yín. Ẹnìkan á ní bàbá àgbà òun kò mọ sunna, àṣà lásán ni wọ́n ń ṣe. Ẹlòmíràn á ní sunna kò ju irùngbọ̀n àti ṣòkòtò tí kò dé kókósẹ̀ lọ. Àwa náà ti jókòó sídìí irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá tú ìtàn wò, a ó rí i pé àwọn tí a ń fojú kékeré wò yìí gan-an ló gbé ìṣe Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) dé ọ̀dọ̀ wa. Ìdí abọ́, ìdí kẹ́tù omi àti orí ẹní ni wọ́n ti kọ́ wa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ ẹnu wa. Àlùwàlá, àdúrà, sàráà, wàásù, sáárì, àlùbáríkà: èdè Lárúbáwá ni orísun gbogbo wọn, ṣùgbọ́n wọn kò ti ilẹ̀ Lárúbáwá wá tààrà. Ẹnu àwọn oníṣòwò àti àwọn àfáà tó ń ti ìhà àríwá sọ̀kalẹ̀ ni wọ́n gbà dé. Ìdí rèé tí wọ́n fi ń pe ẹ̀sìn náà ní ẹ̀sìn Ìmàle, orúkọ tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ so mọ́ ilẹ̀ Mali. Nígbà tí Ibn Battuta dé Mali ní 1352, lára ohun tó wú u lórí ni aṣọ funfun tó mọ́ tónítóní tí àwọn ará ibẹ̀ ń wọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó ní ẹni tí kò ní ju ẹyọ aṣọ kan tó ti gbó lọ á fọ̀ ọ́ kó tó lọ kírun. Ẹni tó bá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí ní Ìlọrin tàbí Ìwó lọ́jọ́ Jímọ̀ mọ̀ pé ìṣe yẹn kò tíì parẹ́.

Ẹ wo orín náà. Ànábì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó ní bí kì í bá ṣe pé òun kò fẹ́ ni àwọn ènìyàn òun lára, òun ì bá pa á láṣẹ fún wọn nígbà ìrun kọ̀ọ̀kan. Ní 632, nígbà tí àìsàn ìkẹyìn dá a dùbúlẹ̀ ní yàrá Aisha, ẹ̀gbọ́n Aisha, Abdur-Rahman, wọlé pẹ̀lú orín lọ́wọ́. Ànábì tẹjú mọ́ ọn. Aisha gbà á, ó rún un kó rọ̀, ó sì fún ọkọ rẹ̀, ó fi fọ ẹnu. Lára ohun tó ṣe kẹ́yìn láyé nìyẹn. Igi arak ni tiwọn. Àwa ní orín ata, a sì ti ń run ún kí ẹ̀sìn tó dé. Àníyàn ni ẹ̀sìn fi kún un: ohun tí a ń ṣe torí ìmọ́tótó di ohun tí a ń retí láádá lé lórí.

Bákan náà ni oúnjẹ. Ọmọ kékeré kan wà lọ́dọ̀ Ànábì, Umar ọmọ Abu Salama, tó máa ń ti ọwọ́ káàkiri inú àwo. Ànábì kọ́ ọ ní nǹkan mẹ́ta: kó dárúkọ Ọlọ́hun, kó fi ọwọ́ ọ̀tún jẹun, kó sì jẹ iwájú ara rẹ̀. Ta ni nínú wa tí ìyá àgbà kò sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún nídìí àmàlà? "Ṣé o ti ṣe bísímílà?" Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá wọ̀nyí kò lè ka hádíìsì kan ṣoṣo, síbẹ̀ wọ́n ń fi ṣe ìwà hù lójoojúmọ́.

Sáárì ńkọ́? Ànábì gbà wá níyànjú láti jẹ ẹ́ nítorí àlùbáríkà wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jí aládùúgbò lóru? Ní Èkó àti Ìbàdàn, àwọn ọ̀dọ́ ló ń fi ìlù àti orin kiri àdúgbò láti jí àwọn aláàwẹ̀. Wéré ni wọ́n ń pe orin náà. Nídìí rẹ̀ ni Síkírù Àyìndé Barrister ti bẹ̀rẹ̀, kó tó sọ ọ́ di fújì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti gbóná jù ni Bahia, ní Brazil. Àwọn Mùsùlùmí Yorùbá tí ogun kó lẹ́rú dé ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Malê, ìyẹn Ìmàle wa náà. Wọ́n ń pàdé nínú yàrá tí wọ́n háyà, wọ́n ń kírun, wọ́n jọ ń ṣínu, wọ́n ń wọ aṣọ funfun tí wọ́n ń pè ní abadá, agbádá tiwa. Ní òru 24 mọ́jú 25 oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 1835, nínú oṣù Ramadan, wọ́n dìde ogun láti gba òmìnira. Wọ́n ṣẹ́gun wọn. Lẹ́yìn náà, abadá funfun tàbí ìwé tí wọ́n kọ ní Lárúbáwá tó láti mú ènìyàn lọ sí àtìmọ́lé. Ohun tí a ń ṣe nírọ̀rùn lónìí, ẹ̀rí ẹ̀sùn ló jẹ́ fún wọn.

A kò sọ pé gbogbo ìṣe àwọn àgbà ni sunna o. Tírà tí wọ́n ń rán mọ́ inú awọ, àwọn àfáà ṣì ń jiyàn lé e lórí títí dòní. Ṣùgbọ́n ká tó pe ìṣe bàbá àgbà ní àṣà lásán, ká kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti rí i. Ànábì fúnra rẹ̀ kọ́ wa pé iṣẹ́ tí Ọlọ́hun fẹ́ràn jù ni èyí tí a ń ṣe déédéé, bó ti wù kó kéré mọ. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí ni ẹ̀yin náà bá nílé yín?