Fọ́múlà Kan, Bàbá Mẹ́rin

Bẹ́ ẹ bá wo epo pupa nínú ìgò láàárọ̀ ọyẹ́, ẹ ó rí i pé kì í dì lẹ́ẹ̀kan náà. Á kọ́kọ́ yọ hóró-hóró káàkiri, àwọn hóró yẹn á máa fẹ̀ títí wọ́n á fi kan ara wọn. Tí ìwọ̀n ooru ò bá wá yí padà, báwo la ṣe máa mọ ìpín tó ti dì lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá?

Kolmogorov, onímọ̀ ìṣirò ará Rọ́ṣíà, dáhùn ìbéèrè yìí fún irin ní 1937. Ní 1939, Johnson àti Mehl dáhùn ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ọdún yẹn kan náà ni Melvin Avrami bẹ̀rẹ̀ àpilẹ̀kọ mẹ́ta tiẹ̀, tó parí ní 1941. Síbẹ̀, orúkọ Avrami nìkan lọ̀pọ̀ èèyàn ń fi pe fọ́múlà náà, èyí tí kò tọ́ lójú tiwa. (Avrami fúnra ẹ̀ padà fi orúkọ yẹn sílẹ̀, ó ń jẹ́ Mael Melvin!)

Ọgbọ́n ibẹ̀ dùn mọ́ àwa tá a ń kọ kóòdù. Àwọn hóró máa ń dí ara wọn lọ́nà, ìyẹn ló sì mú kí ìṣirò ẹ̀ le. Torí náà, ẹ ṣe bíi pé wọ́n lè gba inú ara wọn kọjá, ẹ ṣírò gbogbo ẹ̀, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá yọ ibi tí wọ́n ti gun ara wọn. Bí wọ́n bá ṣáà ti bọ́ síbi tó wù wọ́n bí ẹ̀kán òjò, ìlà kan péré ni yíyọ yẹn. Gíráàfù tó máa jáde dà bíi lẹ́tà S: ó rọra bẹ̀rẹ̀, ó sáré, ó tún rọra.

Àmọ́ báwo la ṣe máa wọ̀n ọ́n? Ohun tó bá ń dì máa ń tú ooru jáde. Ní 1962, Watson àti O'Neill ti ilé-iṣẹ́ Perkin-Elmer ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní DSC. Àwo kékeré méjì ló wà nínú ẹ̀: ọ̀kan gbé mílígíráàmù ike mélòó kan, èkejì ṣófo. Ẹ̀rọ náà ò ní jẹ́ kí ọ̀kan gbóná ju èkejì lọ. Bí ike tó ti yọ́ bá ń dì, ẹ̀rọ á dín iná ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kù, ìdínkù yẹn la sì ń kọ sílẹ̀. Ẹ fi àpapọ̀ ooru pín èyí tó ti jáde, ìpín tó ti dì nìyẹn.

Ibi tó ti máa ń bà jẹ́ ni ìbẹ̀rẹ̀. Tí ẹ̀rọ ò bá tètè tutù dé ìwọ̀n tá a fẹ́, ike á ti máa dì lọ́nà, aago wa á sì ti pẹ́. Nọ́ńbà tí fọ́múlà náà ń pè ní n tún wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ 3, ó lè jẹ́ hóró roboto tó yọ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì lè jẹ́ èyí tó tẹ́ bí àwo, tí tuntun ń yọ lé e. Ìdí nìyẹn táwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú fi máa ń gbé ike kan náà sábẹ́ máíkírósíkóòpù kí wọ́n tó sọ pé báyìí ló rí.