Wọ́kíṣọ́ọ̀bù Michigan City àti Ẹ̀mí Gígùn South Shore

Ní ọdún 1942, nínú wọ́kíṣọ́ọ̀bù ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin South Shore ní Michigan City, ìpínlẹ̀ Indiana ní Amẹ́ríkà, àwọn òṣìṣẹ́ gé kóòṣì oníná kan sí méjì láti àárín. Kóòṣì náà kò bàjẹ́. Ó ti ń kó èrò fún nǹkan bí ọdún 15. Wọ́n fa apá méjèèjì sọ́tọ̀, wọ́n kọ́ ara tuntun tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 17 àti ààbọ̀ sí àárín wọn, wọ́n sì jó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Kóòṣì tó wọlé ní ẹsẹ̀ bàtà 60 jáde ní nǹkan bí 78. Lẹ́yìn èyí, wọ́n tún fa òmíràn wọlé.

Àwọn tó kọ ìtàn ọkọ̀ yìí kì í fojú fo iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ìtàn ni wọ́n máa ń fi í sí. Àárín ìtàn gan-an ni mo rò pé ó yẹ kó wà. Bí a bá fẹ́ mọ ìdí tí South Shore fi kù nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kú tán, ilé àtúnṣe ló yẹ ká kọ́kọ́ wọ̀, kí a tó wọ ọ́fíìsì ọ̀gá.

Interurban ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe irú ọkọ̀ ojú irin yìí. Iná ló ń wà á. Ó máa ń gba ojú títì kọjá bó bá wọ ìlú, a sì sáré gba àárín oko bó bá jáde. Ní nǹkan bí ọdún 1916, ojú irin wọn káàkiri Amẹ́ríkà ti ju máìlì 15,000 lọ. Kò pé ọdún 25 lẹ́yìn náà tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn fi ti kógbá wọlé. Nínú ìwé tí George Hilton àti John Due gbé jáde ní ọdún 1960, wọ́n fi hàn pé mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ ló pa wọ́n, àti pé èrè iṣẹ́ náà kò fìgbà kan fẹsẹ̀ múlẹ̀ pẹ́. N kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n àlàyé ikú nìyẹn. Kò sọ ohun tó mú ẹni tó yè yè. Àwọn mìíràn máa ń dáhùn pé ẹrù ni: irin ìlú Gary ní Indiana àti èédú ló gba South Shore là. Òótọ́ ni pé ẹrù mú owó wọlé. Àmọ́ owó ẹrù nìkan kò lè mú kóòṣì àtijọ́ gbéra láàárọ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Samuel Insull, ọlọ́jà iná mànàmáná ní Chicago, ló ra ọkọ̀ náà ní ọdún 1925. Títí di ìgbà yẹn, iná AC oní-fólítì 6,600 ni wọ́n ń lò. Ní ọdún 1926 Insull yí i sí iná DC oní-fólítì 1,500, nítorí irú iná bẹ́ẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Illinois Central ń fà sórí ojú irin tirẹ̀ lọ́dún yẹn. Bí ọkọ̀ tó ń ti South Bend ní Indiana bọ̀ ṣe rí ọ̀nà wọ àárín gbùngbùn Chicago tààrà nìyẹn. Ó ra kóòṣì onírin tuntun lọ́wọ́ Pullman, ó tún ra díẹ̀ sí i lọ́wọ́ Standard Steel Car ní 1929. Nígbà tó di 1932, ilé-iṣẹ́ Insull wó lulẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, South Shore jẹ gbèsè débi ilé ẹjọ́. Àwọn kóòṣì wọ̀nyẹn ló kù lọ́wọ́, kò sì sí owó láti fi ra òmíràn. Lẹ́yìn náà ni ogun dé: èrò pọ̀ lọ́nà Gary nítorí iṣẹ́ irin, ṣùgbọ́n ìjọba ti fi irin àti ilé iṣẹ́ sí abẹ́ ogun. Bí owó tilẹ̀ wà, kò sí kóòṣì tuntun láti rà.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí gígùn kóòṣì túmọ̀ sí. Mọ́tò tó wà lábẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà ló ń fà á. Ẹsẹ̀ rẹ̀ àtijọ́ ló fi ń rìn. Awakọ̀ kò di méjì, kò sì sí owó oṣù tuntun kankan. Èrò tó ń gbé sì pọ̀ sí i gidigidi. Iye tí ilé-iṣẹ́ ń ná lórí èrò kọ̀ọ̀kan ni wọ́kíṣọ́ọ̀bù fi tọ́ọ̀ṣì wẹ́dà dín kù, iṣẹ́ tí a máa ń rò pé orí tábìlì oníṣirò owó ni wọ́n ti ń ṣe é. Ibí ni mo ti yapa sí àwọn tó ń ka àtúnṣe sí ìnáwó lásán. Lẹ́yìn ogun, wọ́n tún fi fèrèsé fífẹ̀ àti ẹ̀rọ amúlétutù sí díẹ̀ nínú wọn. Kì í ṣe gbogbo kóòṣì ni wọ́n fà gùn. Nítorí náà, ọkọ̀ tí ará Gary ń wọ̀ ní 1970 lè ní kúkúrú àti gígùn pọ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wò lè ka iṣẹ́ ọwọ́ ilé àtúnṣe náà lára wọn.

Iṣẹ́ ojoojúmọ́ kò tilẹ̀ ní ariwo bẹ́ẹ̀. Nínú mọ́tò DC, irin kan wà tí wọ́n fi wáyà bàbà wé, tó ń yí. Kábọ́ọ̀nù ló ń gbé iná fún un nípa fífara ha bàbà ẹnu rẹ̀ bó ti ń yí, nítorí náà kábọ́ọ̀nù ń jẹ tán, bàbà náà sì ń jẹ kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Wọ́n á gbé e sórí lééèdì, wọ́n á fá ojú bàbà náà kó tún dán. Bí ìdáàbòbò wáyà bá jóná, wọ́n á tú u, wọ́n á tún un wé, wọ́n á rì í sínú fáníìṣì, wọ́n á yan án nínú ààrò kó tó padà sábẹ́ kóòṣì. Ẹsẹ̀ irin tó ti jẹ lójú kan, òun náà ń fẹ́ lééèdì. Ẹni tó bá ń ṣe èyí fún ogún ọdún a máa mọ mọ́tò tó fẹ́ kọṣẹ́ nípa òórùn rẹ̀. Irú ìmọ̀ yẹn kì í sí nínú ìwé ọdún tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí àwọn onípìn-ín, ìdí rèé tí àwọn òpìtàn kì í fi í bá a pàdé.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ́wọ́ mi ni Little Joe. General Electric kọ́ ẹ̀ńjìnnì oníná 20 ní Erie, Pennsylvania, fún Soviet Union. Ọ̀rẹ́ tó wà láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì bàjẹ́, ìjọba Amẹ́ríkà sì fòfin de títà wọn ní 1948. Àwọn òṣìṣẹ́ fi orúkọ Joseph Stalin pè wọ́n. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Milwaukee Road ra 12, Companhia Paulista ní Brazil ra 5, South Shore ra 3. Fólítì 3,300 ni Soviet ń lò, 1,500 ni South Shore ń lò; wọ́n ní láti tún inú wọn tò kí wọ́n tó lè fa ẹrù. Ẹ̀ńjìnnì tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 88, tó wúwo tó tọ́ọ̀nù 270, tí wọn kò kọ́ fún un, ni South Shore sì fi ṣiṣẹ́ fún ohun tó ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Lẹ́yìn tí Milwaukee Road pa iná tirẹ̀ ní 1974, kò sí ilé-iṣẹ́ mìíràn ní Amẹ́ríkà tó ń lo irú wọn mọ́. Ẹ̀yà ara wọn kò sí lọ́jà. Ẹni tó nílò rẹ̀ á wá a, tàbí kó rọ ọ́ fúnra rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ta kò mí á mẹ́nu kan Chicago North Shore and Milwaukee, interurban mìíràn. Insull ló ni òun náà nígbà kan. Wọ́kíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Highwood dára púpọ̀, ó sì ní ọkọ̀ Electroliner méjì tó rẹwà láti 1941. Síbẹ̀, ó kú ní January 1963. Mo gbà. North Shore kò ní ẹrù irin tó lè gbé e bí ojú títì ìgbàlódé ṣe ń gba èrò lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́kíṣọ́ọ̀bù nìkan kò tó láti gba ọkọ̀ là. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí ẹrù South Shore kò bá bá ilé àtúnṣe tó mọṣẹ́ pàdé, èrò ìbá ti kúrò lórí ojú irin yẹn ní 1950, ẹrù nìkan ìbá sì kù, bó ti rí ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn.

Nígbà tó di 1976, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Chesapeake and Ohio tó ti ra South Shore ní 1967 ní òun fẹ́ pa ìrìnàjò èrò tì. Kóòṣì ti pé àádọ́ta ọdún. Ilé àtúnṣe kò lè mú wọn dàgbà síwájú mọ́. Indiana dá NICTD, àjọ ìrìnàjò èrò ti àríwá Indiana, sílẹ̀ ní 1977 láti gba iṣẹ́ náà là, àjọ náà sì ra kóòṣì tuntun tí ilé-iṣẹ́ Nippon Sharyo ti Japan kọ́. Àwọn ti àtijọ́ fi ojú irin sílẹ̀ ní 1983. Díẹ̀ nínú wọn ń rìn di òní ní East Troy, Wisconsin. Little Joe 803 wà ní Illinois Railway Museum ní Union. Àwọn kóòṣì Japan náà ti ju ogójì ọdún lọ báyìí, Michigan City náà ni wọ́n sì ń gbà lọ fún ìtọ́jú.