Gbenga Ogunbote ní Rangers: Ẹni Tó Wọ Bàtà Tí Ẹlòmíràn Fi Jó

  

Àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán láàrin wa nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ Rangers bá ti délẹ̀. Àwọn kan á ní kóòṣì tó bá gba tíìmù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife, iṣẹ́ ti parí fún un. Wọ́n á ní ọbẹ̀ ti jinná, kó ṣáà máa bù ú jẹ. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, kò sí iṣẹ́ tó le tó kéèyàn gba ohun tó dára lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Tí ó bá bàjẹ́, ìwọ lo bà á jẹ́. Tí ó bá dára, wọ́n á ní ó ti dára kó o tó dé. Ọ̀rọ̀ ọmọ wa kan, Gbenga Ogunbote, ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé rẹ̀.

Ká tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ ká mọ irú ilé tó wọ̀. Oṣù kìíní ọdún 1970 ni ogun abẹ́lé parí. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n dá Rangers sílẹ̀ níbí. Ilé ti wó, owó ò sí, ọ̀pọ̀ èèyàn ti sin òbí, wọ́n ti sin ọmọ. Bọ́ọ̀lù wà lára ohun tó kọ́kọ́ jẹ́ kí àwọn èèyàn yìí tún gbórí sókè láàrin Nàìjíríà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ Rangers kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ eré lásán lọ́dọ̀ wọn. Ẹni tó bá ń gbé àárín wọn tí kò mọ èyí, kò tíì mọ Enugu.

Ìtàn Rangers àti ti àwa náà sì so kọ́ra. Ní 1971, nígbà tí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, Rangers dé àṣekágbá Challenge Cup. Ta ló nà wọ́n? WNDC Ìbàdàn ni, àwọn tí a wá mọ̀ sí Shooting Stars, pẹ̀lú 2-1. Ní 1974, Rangers gba líìgì. Wọ́n tún gbà á ní 1975, ọdún yẹn náà ni wọ́n dé àṣekágbá ife àwọn ọ̀gá ní Áfíríkà, tí Hafia ti Guinea gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní 1976, IICC Shooting Stars di ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tó gba ife Áfíríkà, ìyẹn Cup Winners' Cup.

Wàyí o, ní 1977, àwọn méjèèjì pàdé nínú ìdíje yẹn kan náà, ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá. Christian Chukwu ni balógun Rangers, Emmanuel Okala ló wà lójú ilé. Lọ́dọ̀ tiwa, Segun Odegbami àti Muda Lawal wà ńbẹ̀. Wọ́n gbá a ní Èkó, òdo sí òdo. Wọ́n gbé e lọ sí Kaduna, òdo sí òdo. Ó di pẹ́náritì, Rangers sì borí. Wọ́n wá na Canon Yaoundé, wọ́n gbé ife náà wá sí Enugu. Ẹ wo ara yín bí ọmọ Yorùbá tó ń gbé Enugu lọ́jọ́ yẹn. Ta lẹ máa pariwo fún?

Wọ́n tún gba líìgì ní 1981, 1982 àti 1984. Lẹ́yìn ìyẹn, ilẹ̀ dákẹ́. Ọdún kan di mẹ́wàá, mẹ́wàá di ogún, ogún di ọgbọ̀n. Ọmọ tí wọ́n bí ní 1984 ti fẹ́yàwó, ó ti bímọ, kò tíì rí Rangers kó gba líìgì rí.

Ọdún 2016 ni Imama Amapakabo mú ìtìjú yẹn kúrò. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá, Rangers na El-Kanemi Warriors 4-0 ní pápá Nnamdi Azikiwe, ife dọ́wọ́ wọn lẹ́yìn ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílùú lọ́jọ́ náà, ẹ ò nílò kí n ròyìn rẹ̀ fún yín.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e. Ní 2017, Rangers kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ wálẹ̀. Chisom Egbuchulam tó ń jẹ góòlù fún wọn ti lọ sí Sweden. Imama fúnra rẹ̀ ti di igbákejì kóòṣì Super Eagles, ó wá di ẹni tó ń jẹun nínú abọ́ méjì. Wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù líìgì, wọ́n ń rìnrìn àjò Áfíríkà, Zamalek ti Íjíbítì sì lé wọn jáde nínú Champions League. Ẹgbẹ́ tó gba ife lọ́dún tó kọjá wá ń sá kó má baà já sí ìpele kejì. Kí sáà náà tó parí, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ Imama. Ẹni tó fòpin sí ọgbọ̀n ọdún ó lé méjì o! Ọdún kan ò tíì pé dáadáa tí wọ́n fi gbàgbé. Èyí ló yẹ kó kọ́ wa pé aráyé kì í dúpẹ́ ti àná tí tòní ò bá dùn.

Ìgbà náà ni wọ́n pe Gbenga Ogunbote, ní ìparí 2017. Kì í ṣe ọmọdé nínú iṣẹ́ náà. Ó ti ṣe kóòṣì Shooting Stars, ó sì ti mú Sunshine Stars ti Àkúrẹ́ dé ìpele tó ṣáájú àṣekágbá nínú Champions League Áfíríkà ní 2012. Ṣùgbọ́n ẹ ronú sí ohun tó dì lẹ́rù. Ó jẹ́ Yorùbá, wọ́n ní kó wá darí ohun tí àwọn Igbo fẹ́ràn jù lọ. Ojú ìran àwọn ará ibí ṣì wà lára ife 2016. Gbogbo èèyàn ń fi ṣe òṣùwọ̀n. Tí ó bá pàdánù mẹ́ta léraléra, kì í ṣe òun nìkan ni wọ́n máa bú, àwa tí a ń tajà ní Gariki náà á gbọ́ tiwa.

Kò gba líìgì ní 2018. Líìgì ọdún yẹn ò tiẹ̀ parí, wàhálà àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù ló dá a dúró láàárín ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ó mú wọn dé àṣekágbá Federation Cup. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹwàá ọdún 2018, ní pápá Stephen Keshi ní Asaba, wọ́n bá Kano Pillars pàdé. Pillars jẹ ẹ́ kan, wọ́n jẹ ẹ́ kejì, wọ́n jẹ ẹ́ kẹta. 3-0! Ẹ sọ òtítọ́, mélòó nínú wa ni ì bá ti paná tẹlifíṣọ̀n? Àmọ́ Rangers dá ọ̀kan padà, wọ́n dá ìkejì padà, wọ́n dá ìkẹta padà kí rẹfirí tó fọn fèrè. Ó di pẹ́náritì, Rangers borí 4-2. Láti 1983 ni wọn ò ti rí ife yẹn gbà. Ọdún márùndínlógójì! Ọmọ Yorùbá ló wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tó padà wálé.

Lẹ́yìn náà, ó mú wọn dé ìpele àwọn ẹgbẹ́ mẹ́rin-mẹ́rin nínú Confederation Cup, níbi tí wọ́n ti bá Étoile du Sahel àti Sfaxien ti Tùnísíà àti Salitas ti Burkina Faso wọ̀yá ìjà. Wọn ò kọjá ibẹ̀. Ní 2019, Ogunbote kúrò. Kò dúró pẹ́, ṣùgbọ́n kò bá ohun tó bá nílẹ̀ jẹ́, ó fi tiẹ̀ kún un.

Irú ọ̀rọ̀ yìí ò mọ sí Enugu. Ní 1974, ọdún tí Rangers kọ́kọ́ gba líìgì, ẹgbẹ́ méjì ní Ìlú Ọba pààrọ̀ kóòṣì. Leeds tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba líìgì lábẹ́ Don Revie mú Brian Clough. Clough ti máa ń bẹnu àtẹ́ lu Leeds tipẹ́, àwọn agbábọ́ọ̀lù ò sì fẹ́ ẹ. Ọjọ́ mẹ́rìnlélógójì péré ló lò. Liverpool ní tiwọn, nígbà tí Bill Shankly fẹ̀yìn tì, wọ́n mú igbákejì rẹ̀, Bob Paisley, ẹni tí kò tiẹ̀ fẹ́ ipò náà. Paisley ò da ilé tó bá nílẹ̀ rú, ńṣe ló ń tún un ṣe díẹ̀díẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ló lò: líìgì mẹ́fà, ife ọ̀gá Yúróòpù mẹ́ta. Ẹ̀yin ọmọ Man U, mi ò fẹ́ dá egbò yín, ṣùgbọ́n ẹ rántí David Moyes. Ferguson fi líìgì sílẹ̀ fún un ní 2013. Àdéhùn ọdún mẹ́fà ni wọ́n bá a ṣe, kò lo oṣù mẹ́wàá tán tí wọ́n fi ní kó máa lọ.

Kí ló wá ya àwọn tó yege sọ́tọ̀? Ohun tí èmi rí ni pé wọn ò kẹ́gàn ẹni tó ṣáájú wọn, wọn ò sì sọ ara wọn di ẹni náà. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹni tó bá mọ̀ pé àkísà wà nínú ilé tó jogún, á fara balẹ̀ kọ́ bí ó ṣe gbó. Ẹni tí kò bá mọ̀, aṣọ tuntun nìkan ló máa wò.

Ìdí tí mo fi kọ èyí ni pé àwa náà wà nínú ẹ̀. Púpọ̀ nínú wa ti ń dàgbà. Àwọn ọmọ wa, àwọn ọmọ iṣẹ́ wa, ló ń gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ wa. Ẹgbẹ́ wa níbí ń yan alága tuntun lẹ́yìn alága tó ṣe dáadáa. Oṣù mẹ́ta péré, ẹ ti ń sọ pé ti lágbájá dùn ju èyí lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún ẹni tuntun láyè. Ìwọ ẹni tuntun náà, má sọ pé ìwọ lo kọ́ ilé tó o bá nílẹ̀. Oníbàárà tó ti ń bá ọ̀gá rẹ rà fún ogún ọdún, ọ̀gá rẹ ló mọ̀, kò tíì mọ̀ ẹ́.

Rangers tún gba líìgì ní 2024 lọ́wọ́ Fidelis Ilechukwu, ìkẹjọ rèé. Ẹnikẹ́ni tó bá gba irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹ má ṣe sọ fún un pé ọbẹ̀ ti jinná. Ẹ bá a ṣàdúrà.

Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ wà ní Enugu ní 1977, ẹ dákun, ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀: ta lẹ pariwo fún lọ́jọ́ yẹn? Ire o.